Èwo Ló Ń Jò?

Pàá! Bíréka tún já nílé ìyá àgbà l'Óǹdó, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń fún ọkọ rẹ̀ ní atẹ́gùn sì dákẹ́.

"Akínlolú, yọ bíréka burúkú yẹn dànù! Ṣé o fẹ́ pa bàbá fún mi ni?"

Akínlolú oníná mi orí. "Màmá, ẹ̀mí yín ló ń ṣọ́. Iye iná tó jáde ló gbọ́dọ̀ padà. Bí èyí tó padà bá dín, ó ń jò níbì kan nìyẹn, á sì gé e kó tó gbé èèyàn. Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn ẹ̀rọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ká mọ èyí tó ń jò."

"Bó bá jẹ́ ti jíjò, èmi ni kó o kọ́kọ́ yọ. Bí mo bá sín báyìí, ìró mi á tutù!" Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ ra àyà ọkọ rẹ̀.

Wọ́n yọ fíríìjì, wọ́n gbé bíréka sókè, ó já. Wọ́n yọ tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, ó tún já. Ó wá ku ẹ̀rọ bàbá nìkan. Akínlolú yọ ọ́, ó gbé bíréka sókè.

Iná dúró digbí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá àgbà. "So ó padà."

"Màmá, iná ti wọ irin ara rẹ̀, á gbé yín. Ẹ jẹ́ n sáré dé Àkúrẹ́, bóyá n ó rí òmíràn."

Ó ti bọ́ síta kó tó sọ ọ́ tán. Nínú iná tó mọ́lẹ̀ kedere, ìyá àgbà rí i pé ètè ọkọ òun ti ń dúdú. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ẹ.