Ẹja, Agbòòrùn àti Kọ́kọ́rọ́

Nígbà tí òrùlé ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀ láàárín, bíríkìlà ló sọ fún wọn pé kí wọ́n kó jáde. Ó na ìka sí àjà, ó mi orí, ó ní òun ò lè fọwọ́ kan ibẹ̀ tí èèyàn bá ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ilé, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀nà jíjìn, wá ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí kiri ìlú títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ fi jẹ. Àwọn kan ní owó ọdún kan gbáko làwọn ń gbà. Àwọn mìíràn ní àwọn ò fẹ́ ọmọdé, àwọn ò sì fẹ́ arúgbó. Bíríkìlà náà ló tún yọ wọ́n.

"Yàrá kan wà tí mo mọ̀," ó ní. "Ó kéré o, ṣùgbọ́n kò wọ́n. Onítọ̀hún ò sí nílé. Ẹ máa kó owó oṣù fún mi, màá bá yín fi jíṣẹ́."

Ó kéré lóòótọ́. Bí ìyàwó ilé, tó jẹ́ aránṣọ, bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ á ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí Màmá bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin kékeré inú ilé á bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Àtẹ́rígbà sì rẹlẹ̀ débi pé nígbàkígbà tí bàbá ilé bá ti ìrìn àjò dé, á kọ́kọ́ fi iwájú orí kí i kó tó kí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ mìíràn, á máa ṣe aránṣọ bíi pé ògiri ń sún mọ́ òun. Á fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n kò síbi tó máa pariwo sí tí Màmá ò ní gbọ́.

Òpó ilẹ̀kùn nìkan ló dùn mọ́ ọmọ náà. Àwọn tó gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi pẹ́ńsùlù sàmì gíga àwọn ọmọ wọn sára rẹ̀. Wọn ò kọ orúkọ. Ọmọ kan ní ẹja, èkejì ní agbòòrùn, ẹ̀kẹta ní kọ́kọ́rọ́, ìlà wọn sì ń gun òpó lọ sókè. Nígbà tí wọ́n kó dé, ẹja tó wà lókè pátápátá fi díẹ̀ ga ju ọmọ náà lọ. Nígbà tó yá, ọmọ náà lé e bá. Nígbà tó tún yá, ó kọjá rẹ̀, ó sì jó títí Màmá fi pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó mi, ṣé wọ́n ti parí?" Bí Màmá ṣe ń béèrè láràárọ̀ nìyẹn.

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Èmi àti ọkọ mi la jọ fọwọ́ wa po yẹ̀pẹ̀ ilé yẹn. Ẹ má jẹ́ kí n kú sí yàrá ẹlẹ́yàrá."

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun aránṣọ wọ egungun, nítorí ó ń rí i pé Màmá ń rù sí i.

Bíríkìlà kì í pẹ́ kó tó wá jábọ̀. Ó ga ju bàbá ilé lọ, síbẹ̀ àtẹ́rígbà yẹn ò gbá a lórí rí. Á máa sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ìta, á tẹ orí ba, á wọlé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì ní já. Á fi fọ́tò hàn wọ́n lórí fóònù: ògiri tí wọ́n là, iyanrìn, páànù tí wọ́n tò jọ. Bí aránṣọ bá ní òun fẹ́ yọjú síbẹ̀, á ní kó má dán an wò, igi àjà lè já lé èèyàn.

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, Màdáámú," ó ní. "Ẹ gbọ́, bí òjò bá ń fẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, fèrèsé wo lẹ máa ń kọ́kọ́ tì?"

"Ti yàrá Màmá ni."

"Ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó máa ń há yẹn ńkọ́?"

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i."

Ó dúpẹ́. Inú aránṣọ dùn pé òṣìṣẹ́ tó ń fara balẹ̀ ṣèwádìí báyìí ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn.

Lọ́jọ́ kan tí bíríkìlà jókòó tì wọ́n, Màmá tẹjú mọ́ òpó ilẹ̀kùn. "Ẹni tó wọn ọmọ báyìí," ó ní, "kò ní fojú sunkún ọmọ."

"Àmín, Màmá," ni bíríkìlà wí, ó sì fi ìka nu eruku kúrò lára ẹja bí ẹni ń nu ojú ọmọ rẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá jí, kò béèrè ilé mọ́. Ẹ̀rù ba aránṣọ. Bàbá ilé ti dé, ó ń fọwọ́ pa iwájú orí. Aránṣọ fi Màmá sílẹ̀ fún un, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọkọ̀, kò sì sọ fún bíríkìlà.

Láti orígun àdúgbò ló ti rí òrùlé tuntun, tó tọ́, tó ń dán. Wọ́n ti kun ògiri. Iyanrìn ò sí níta mọ́, àkàbà ò sí, òṣìṣẹ́ ò sí, àfi aṣọ díẹ̀ lórí okùn, tó rò pé tiwọn ni wọ́n gbàgbé. Omi lé ròrò sí i lójú. Bíríkìlà fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni! Inú àgbàlá ló dúró sí tó ti pe ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wọṣọ fún Màmá," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn pé ó ti parí. Ilé ara wọn ni wọ́n máa sùn lónìí."

Kó tó gbé fóònù kúrò létí, ọmọ náà ti gbé ilẹ̀kùn ilé ìdáná sókè, ó ti ṣí i, ó sì ti sáré wọ pálọ̀, ibi tó ti fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn tuntun, tó ń ké jáde láti ojú fèrèsé pé, "Màámi, ẹja náà ti kó wá síbí, òun àti agbòòrùn àti kọ́kọ́rọ́, ó sì ti tún ga jù mí lọ!"