Abẹ́rẹ́ Oorun tí Ọ̀ṣúndáre Fi Gún Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tẹ́ ẹ sì ń sáré fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ ní sùúrù lónìí. Ẹ ka eléyìí dé òpin, torí ibi tó ti fẹ́ bàjẹ́ kọ́ ló parí sí.

1.

Ságẹ̀ntì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀, ṣiṣẹ́ ṣọ́jà títí ó fi fẹ̀yìntì. Nígbà tó wà lójú ogun ní apá Bornu, bọ́ǹbù bú lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú ẹ̀. Abdulrazaq, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wọ́ ọ jáde kí iná tó jó ọkọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lára àwọn méjèèjì, eegun wọn ò sì ṣẹ́. Gbogbo èèyàn ní kí wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì dúpẹ́.

Àṣé bọ́ǹbù náà ti mi ọpọlọ wọn nínú agbárí. Láti ìgbà náà ni oorun ti di àwátì. Tí Ọ̀ṣúndáre bá dijú, ara rẹ̀ á gbọ̀n, á ta jí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ ọ, á sì máa jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn ṣọ́jà, ẹni tí kò ní àpá kì í sọ pé òun fara gbọgbẹ́, kí wọ́n má baà pè é ní ojo.

Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ gba ìtọ́jú. Àpá tí wọn ò rí lára yín, èmi ni mò ń bá a gbé nínú ilé."

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti júwe kílíńìkì kan fún wọn ní Mayfair, nínú Ifẹ̀ níbẹ̀, níbi tí Dókítà Fàòsíyà ti ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú gún ojú ibì kan lára, ìmọ̀ tó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yìí á lé e lọ pátápátá?" Ọ̀ṣúndáre bi í.

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, sà. Ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́ láti sùn. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì pa ìtọ́jú tó kù tì."

Díẹ̀díẹ̀ ni oorun ń padà. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Ọ̀ṣúndáre sùn títí àkùkọ fi kọ. Àbíkẹ́ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún.

2.

Ìgbà tí ara yá ni ìgbéraga wọlé. Níbi ìpàdé àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì, nítòsí Ẹnuwá, Ọ̀ṣúndáre ń ròyìn abẹ́rẹ́ bí ẹni pé òun ló ṣe é. Abdulrazaq, tí oorun tirẹ̀ burú ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ságẹ̀ntì, mú mi lọ síbẹ̀."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ojú mi ni dókítà ṣe ń gún un. Ṣebí bàbá mi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo Ìlódè, kí ló wà nínú abẹ́rẹ́? Razaq, ìwọ lo fà mí yọ nínú iná. Jẹ́ kí èmi náà fà ọ́ yọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìfẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí ṣọ́jà kan bá rí lójú ogun, ti gbogbo wọn ni, títí kan omi tó kù nísàlẹ̀ ìgò. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò mọ ibi tí ẹ̀dọ̀fóró wà.

3.

Ọ̀ṣúndáre ní kí wọ́n bá òun ra abẹ́rẹ́ náà wá láti Èkó. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó ní kí Abdulrazaq jókòó, ó gún ti ọrùn, kò sí wàhálà. Ó gún ti èjìká, ó wá tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i, kó lè tètè ṣiṣẹ́. Abdulrazaq wúkọ́. Ó di àyà mú.

"Ságẹ̀ntì, èémí mi ò délẹ̀."

Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Dókítà bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀ṣúndáre rò ó wò. Tó bá sọ ọ́, gbogbo ìlú á gbọ́, bóyá ọlọ́pàá pàápàá á gbọ́. Ó wo ètè ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti ń dúdú.

"Èmi ni. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ gún un léjìká, ó sì wọlé jìnnà."

Dókítà ò fi àkókò ṣòfò mọ́. Abẹ́rẹ́ ti lu ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ tó jò síta ló ń fún un pa. Wọ́n ki rọ́bà bọ ìhà rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà jáde, Abdulrazaq mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ká ní ó tún pẹ́ díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan míì.

4.

Nígbà tí Dókítà Fàòsíyà gbọ́, kò pariwo. Ó ní, "Sà, ẹ rí ibi tí mò ń gún. Ẹ ò rí ibi tí mò ń yẹra fún."

Ọ̀ṣúndáre lọ dọ̀bálẹ̀ fún Abdulrazaq. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dìde. Ṣáà mú mi lọ síbi tí mo ní kó o mú mi lọ lọ́jọ́ kìíní."

Nígbà tí ara rẹ̀ le tán, wọ́n jọ lọ sí Mayfair. Fàòsíyà gún abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní kó sinmi. Àmọ́ ojú Abdulrazaq kò padé.

"Ságẹ̀ntì, ṣé o rántí? Lójú ogun, mi ò lè sùn tí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́nà."

Ọ̀ṣúndáre fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí àárín orúnkún, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Sùn, Razaq. Mo wà lójúfò."

Nígbà tí Fàòsíyà fi máa padà wọlé, Abdulrazaq ti ń hanrun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á dé ibí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Bí nǹkan bá ti gbá yín lórí rí, tí oorun sì kọ̀, ẹ má ṣe dúró de àpá kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ìtọ́jú bá sì wò yín sàn, ẹ júwe ibẹ̀ fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ bá a délẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ẹ má sọ ara yín di oníṣègùn nítorí pé ẹ ti ṣàìsàn rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.