Ọyẹ́ Oko Àjàrà

Nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé ọyẹ́ kiri dé Ṣakí, Òjéwùmí ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko àjàrà rẹ̀. Àjàrà funfun kò ní wàhálà. Ọyẹ́ díẹ̀ ti tó o. Dúdú ni olóríkunkun. Bí òtútù ò bá mú un sùn dáadáa, ọtí rẹ̀ á kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Awakọ̀ na rọ́bà ọkọ̀ rẹ̀ sáàárín ebè, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

"Kí ẹnikẹ́ni má wọlé o. Òfin ni. Ooru ara èèyàn máa ń jí àjàrà."

"Ta ni yóò wọlé?"

Òjéwùmí kò tíì panu dé tó fi rí ìyá rẹ̀ arúgbó, tó jókòó ti àjàrà dúdú, tó ń gbọ̀n, tó ń fi òrí pa ètè.

"Màámi, ẹ dìde! Ẹ óò ba ọtí ọdún yìí jẹ́!"

"Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, ọyẹ́ ò wá mọ́. Mo mọ̀ pé á padà wá, òun ni mo ṣe tọ́jú òrí."

Awakọ̀ fi ìbínú wọlé láti lé e jáde. Ètè tirẹ̀ ti là láti ọjọ́ tó ti ń ta ọyẹ́, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ó wo ètè ìyá tó ń dán. Ó jókòó sórí ebè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi."