Kámẹ́rà Ẹnu Ọ̀nà Màmá Wúràọlá

"Màmá, èwo lẹ fẹ́, ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àbí oníwáyà?" Adégòkè tó wá so kámẹ́rà ló béèrè.

"Oníwáyà ni, ọmọ mi."

"Ìyẹn ò lè pe ẹnikẹ́ni o. Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Màá kígbe. Mo ṣì ní ohùn." Màmá Wúràọlá na ìka sí kámẹ́rà ara ògiri. "Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ kí mi, eléyìí ní èèyàn ṣubú. Kó tó dìde, áńbúláǹsì tí kámẹ́rà pè ti dé! Látìgbà náà, ìdúró ló ń kí mi, bí òpó iná."

Adégòkè rẹ́rìn-ín. Nítorí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò náà ti dẹ́kun ìdọ̀bálẹ̀ níta. Orí lásán ni wọ́n ń mì síra wọn. Ó yọ ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó so oníwáyà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ló bá nà gbalaja sílẹ̀ níwájú ìyá àgbà.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà."

Àwọn méjèèjì tẹ́tí. Áńbúláǹsì kankan ò dún.

Ó fẹ́ dìde, àmọ́ Màmá ti gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Má tíì dìde. Kí ni oríkì rẹ?"