Ara Tí Yóò Wọ Bàálù

Dókítà tó ń tọ́jú Ìyá Kọ́láolúwa ní Ṣógúnlé kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní pẹ̀lú bí màmá ṣe sanra tó, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá wọn fínra, wọn kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ rí Ṣemílọ́rẹ ọmọ wọn ní Manchester, àfi kí ara kọ́kọ́ fúyẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ náà sì rọlẹ̀.

Nígbà tó ku òun àti Kọ́láolúwa nínú yàrá, ó fi kún un pé, "Títí di ìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun já wọn láyà."

Kọ́láolúwa ní òun ti gbọ́. Ó jáde, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jọ lọ bá Ameenat, nọ́ọ̀sì tó ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ.

"Mọ́mì, irin tí a kò kùn lọ́dà, ṣé kò ní dípẹtà?" Ameenat bèèrè. "Bí ara náà ṣe rí nìyẹn. Antioxidant tó wà nínú ẹ̀fọ́, tòmátò, ọsàn àti àgbálùmọ̀, ọ̀dà tiwa nìyẹn. Ẹ máa mu zobo, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ nìkan ò lè yọ́ ọ̀rá o. Ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn, kí ẹ sì dín iyán kù."

"Iyán kẹ̀? Ọmọ Èkìtì ni mí o, Ameenat."

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ òótọ́, Mọ́mì. Ẹ fi í sílẹ̀ ná."

Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kọ́láolúwa náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ kan nínú Industrial Estate ní Ìsọlọ̀. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n fi òun sí iṣẹ́ ọ̀sán, kí òun lè máa bá ìyá òun rìn láàárọ̀. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà, wọ́n á dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà, wọ́n á sì yí padà. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ògiri tí ìyá bá rí ló ń gbára lé. Òógùn á bo ojú wọn. Kọ́láolúwa á dúró, á sì gbé omi fún wọn.

"Ìyá Kọ́lá, ṣé ọkọ tuntun lẹ fẹ́ fẹ́ ni?" Ìyá Sirajudeen, aládùúgbò wọn, máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ rí jàre."

Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Sunday ni Ṣemílọ́rẹ máa ń pè. Kọ́láolúwa ṣàlàyé pé ibi iṣẹ́ tuntun tó wà báyìí kì í jẹ́ kó ráyè pè, pé àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló lè máa fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, ó ka ọ̀kan sí ìyá rẹ̀ létí láti orí fóònù rẹ̀: Ṣemílọ́rẹ ní inú òun dùn sí ìrìn tí wọ́n ń rìn, ó sì ní kí wọ́n má gbàgbé zobo.

Ìyá gba fóònù náà, wọ́n sì wò ó pẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bàbá kan kò sì lè bá ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kí wọ́n má mọ̀. Wọ́n dá fóònù padà.

"Bá mi kí i," wọ́n wí.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá ti ń rìn ṣíwájú ọmọ wọn. Wọn kò gbára lé ògiri mọ́. Wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ bí ẹni ń lo oògùn. Wọn kò dirun mọ́, wọ́n ní òógùn ń yọ orí àwọn lẹ́nu. Ìyá Sirajudeen gbé kóòtù òtútù kan wá, ó ní kí wọ́n mú un dání lọ sí ìlú òyìnbó. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní kó ṣì gbé e padà ná.

Ìwọ̀n ń wálẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá wálẹ̀ ni Ameenat ń pàtẹ́wọ́. Inú Kọ́láolúwa kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bà á débi pé kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìyá dé ibi tí dókítà fẹ́, Kọ́láolúwa ra iyán àti ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran ìgbẹ́ wálé. Adéfúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ wo abọ́ náà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe yìí? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, ṣebí o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ìyá ṣí abọ́ náà, òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Wọ́n dé e padà.

"Kọ́lá, má dá mi dúró," wọ́n wí.

Kọ́láolúwa gbé abọ́ náà lọ sí kíṣìnnì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ó tún un wọ̀n. Ó bọ ìyá lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Ara yín ti lè gbé e." Ojú Kọ́láolúwa ni dókítà ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ameenat jó. Kọ́láolúwa bọ́ síta, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n ti yege," ó wí. "Sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀."

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ padà sí Ìsọlọ̀.

Nílé, wọ́n bá bàtà ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà. Fọlárìn, àbúrò olóògbé ọkọ wọn, tó ti Adó-Èkìtì dé sílé pásítọ̀ ìjọ wọn láti àná, òun àti pásítọ̀ náà ti jókòó sí pálọ̀. Adéfúnmiláyọ̀ gbé omi tútù wá.

"Ìyàwó wa, a gbọ́ pé ara ti yá, a sì dúpẹ́," Fọlárìn bẹ̀rẹ̀. Ó wúkọ́. "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní…"

Ìyá jókòó. Wọ́n di ọwọ́ Kọ́láolúwa mú, ó fẹ́ fà á, wọn kò jẹ́ kó fà á.

"Ẹ má wulẹ̀ pa òwe, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rìn débi tí ara mi lè gbà á: ọjọ́ wo lẹ sin Ṣemílọ́rẹ?"