Ohùn Dádì Nínú Sípíkà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré nílé. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọwọ́-Yá ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí ohun tí àwọn yòókù ń fi ọ̀sẹ̀ kan tún ṣe, ọjọ́ kan péré ló máa ń gbà á. Ó mọṣẹ́, irọ́ kọ́. Ohun tó kó bá a ni pé ó mọ̀ jù pé òun mọṣẹ́.

Ó wá rí sípíkà kékeré kan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. O ní kó tan iná, á tàn án. O bi í pé aago mélòó ló lù, á dá ẹ lóhùn. Kò wọ́n rárá, àwọn tó ṣe é kò sì fi àṣírí inú rẹ̀ pamọ́: ẹni tó bá gbọ́ iṣẹ́ lè tú u wò, kó sì yí i padà bó ṣe wù ú. Ni Ọwọ́-Yá bá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi í sínú tilé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá tẹ̀ sórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ gan-an ni sípíkà fi ń sọ ọ́ ní pálọ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Arẹwà, jó yí sípíkà náà ká. Ìyá ọmọ, nọ́ọ̀sì tó máa ń fi ọmọ ti ìyá ọkọ rẹ̀ nílé bó bá lọ síbi iṣẹ́, kò jó ní tirẹ̀.

"Bàbá Arẹwà, ṣé a tiẹ̀ fẹ́ ohun tí á máa gbọ́ wa látàárọ̀ dalẹ́ nínú ilé yìí?"

"Èmi ni mo tò ó fúnra mi. Ta ló tún fẹ́ máa gbọ́ wa?"

2.

Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì fẹ́ tiwọn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Ọwọ́-Yá ti gbé e sí ogójì ilé. Ìwé tó bá sípíkà wá kìlọ̀ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kì í rántí páásíwọ́ọ̀dù, wọn á kàn máa pè é ṣáá ni. Òun náà sì fẹ́ máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kó máa tún ti gbogbo wọn ṣe láìdìde. Ló bá fi ẹyọ kan ṣoṣo sí gbogbo ogójì ilé, ó sì fi í sí tiẹ̀ náà. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ló lò.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó bá mọ ti ilé ara rẹ̀ ti mọ ti gbogbo àdúgbò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Arẹwà bi í pé, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bi mí lánàá pé ìgbà wo ni Mọ́mì máa ń dé?"

"Èmi? Àlá lo lá, jàre. Lọ wọ bàtà ẹ."

3.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Ọwọ́-Yá ń fi fóònù han obìnrin oníbúrẹ́dì kan tó fẹ́ ra tirẹ̀. "Ẹ wò ó, Mà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ nídìí ẹ̀ nílé ló ń jáde síbí." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́.

"Arẹwà, Màmá Àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n ń wẹ̀, Dádì."

"Dádì wà níta. Ṣílẹ̀kùn. Má pariwo."

Obìnrin oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín pé ẹ̀rọ yìí mà gbọ́n o. Ó gbójú sókè, ó rí ojú Ọwọ́-Yá, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ọwọ́-Yá ń ṣi lẹ́tà tẹ̀. Ó jàjà tẹ̀ ẹ́: "Má ṣí i. Má ṣílẹ̀kùn o."

Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún mẹ́fà dúró láàárín pálọ̀, bàbá rẹ̀ ní kó ṣí i, bàbá rẹ̀ tún ní kó má ṣí i.

"Dádì, èwo ni kí n ṣe?"

Kó tó tẹ òmíràn, ti ẹni yẹn ti jáde. "Mo ń dán ẹ wò ni. Ṣí i."

"Ó dáa, Dádì."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde mọ́.

4.

Ó sá eré tí kò sá rí láyé rẹ̀. Ó ń pe Màmá Àgbà, ìyá tó bí i, lórí fóònù bó ṣe ń sáré lọ, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ìwẹ̀, aṣọ ìnura lọ́rùn.

"Ṣé kò sí o? Arẹwà dà?"

Ó ti yí padà, ó ti sáré jáde sí òpópónà.

Ọ̀dọ̀ aṣebàtà tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà ló ti bá ọmọ náà. Aṣebàtà ló rí i tí ọkùnrin kan tó dé fìlà fà á lọ́wọ́ kọjá, ó sì bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ọwọ́-Yá kọ́ nìyẹn? Níbo lẹ ń mú un lọ?" Ọkùnrin náà tú ọwọ́ ọmọ sílẹ̀, ó sì yà sí òpópónà kejì. Kò tilẹ̀ sáré.

Ẹkún ti gba ojú Ọwọ́-Yá. Ó pe ọmọ láti ẹ̀yìn: "Arẹwà. Arẹwà mi." Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó sì kó wọ abẹ́ tábìlì aṣebàtà.

5.

Wọn ò rí ọkùnrin náà mú títí di òní. Ogójì ilé ló ní páásíwọ́ọ̀dù, ta ni wọn ò bá mú? Àwọn oníbàárà kó sípíkà wọn padà, wọ́n dà á jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò sì gbé ẹ̀rọ wá fún un mọ́. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn ún jù. Bó bá pe ọmọ rẹ̀ láti yàrá, ọmọ náà kì í jẹ́ ẹ.

"Arẹwà, bàbá ẹ ń pè ẹ́," ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ.

"Mi ò tíì rí wọn, Mọ́mì."

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe pé sípíkà náà ò wọ́n ló burú, kì í sì í ṣe pé inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àìbìkítà ló burú. Bí ọ̀kan bá wà nílé yín, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà lónìí, ẹ má sì fi orúkọ ọmọ ṣe é. Ẹ bi ẹni tó bá yín tò ó bóyá òun náà ṣì lè wọ inú ẹ̀. Ẹ má fi ohùn yín sínú ohun tí ẹlòmíì lè gbà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ yín, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ fún un pé: "Bó o bá gbọ́ ohùn mi, tó ò rí ojú mi, má ṣílẹ̀kùn. Bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni lóòótọ́, jẹ́ kí n dúró síta."