Ṣòkòtò Eré Ìje

Aránṣọ náà gé ṣòkòtò eré ìje náà láìfi téèpù wọn ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí. Ó fi aṣọ òwú rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ níwájú, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, kí rọ́bà ìdí má baà ha ojú àpá. Nígbà tó parí, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Ó dára jù, Mọ́mì."

Àgbọ̀nrín ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe nawọ́ sókè láti fi ṣòkòtò náà kọ́ sára ògiri, ẹ̀wù rẹ̀ ká sókè, àpá iṣẹ́ abẹ sì hàn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ìyá rẹ̀ gbójú kúrò kíá.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fajú ro.

"Ta ló ń fi ẹyin gbá bọ́ọ̀lù?" ó bi àwọn méjèèjì.

"Dókítà ti fọwọ́ sí i, Àǹtí," ni Àgbọ̀nrín dáhùn.

"Bí kíndìnrín yẹn bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ibi tí ẹ ti rí i, ṣé òmíì tún kù níbẹ̀ tí wọ́n lè yọ?"

Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. Ìbéèrè yẹn ló máa ń jí i lójú oorun.

Àgbọ̀nrín rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gba aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ kó má wọ̀ ọ́? Ẹ̀bùn tí a ò bá lò, a ti bú ẹni tó fúnni. A ò jà á gbà lọ́wọ́ ikú ká wá lọ tì í mọ́ inú àpótí."

"Ẹnu ẹ mú ju abẹ́rẹ́ ìyá ẹ lọ."

Fóònù aránṣọ dún. Àkókò oògùn ti tó. Ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́, Àgbọ̀nrín ṣí ìgò omi. Àǹtí wo ibòmíràn títí oògùn náà fi wọ ọ̀fun lọ.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń gba ojú títì lọ. Àgbọ̀nrín á ṣíwájú, ìyá rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní oríta kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá lásán.

"Ìyá Àgbọ̀nrín! Ẹ fọmọ sílẹ̀ kó sáré! Àbí ẹ tún fẹ́ pọ̀n ọ́n ni?"

"Ojú mi ò ní kúrò lára ẹ̀," ni aránṣọ dáhùn, ó ń mí hẹlẹ.

Lórí òkè, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè bó ṣe máa ń bi í: "Ṣé kò dùn ẹ́ níbẹ̀?"

"Kò dùn mí, Mọ́mì. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù náà máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Kò ní lè bá wa."

Lọ́jọ́ eré, pápá kún fún àwọn tí ẹ̀yà ara ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, àtàwọn ará ilé wọn. Aránṣọ wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn tó máa ń wọ̀ lọ sóde. Akọ̀wé ẹnu géètì wo àwọn méjèèjì, ó sì kó nọ́mbà lé Àgbọ̀nrín lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ jókòó lẹ́yìn okùn," ó wí.

Ẹsẹ̀ aránṣọ yà síbẹ̀. Àgbọ̀nrín di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ò ní lọ ibì kankan."

Àǹtí, tó ti búra pé òun ò ní wá, ti wà lẹ́yìn okùn ní tirẹ̀. "Ẹ ṣì lè yí ọkàn padà o!" ó kígbe. Àgbọ̀nrín gba píìnì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fi í de nọ́mbà náà mọ́ ẹ̀wù pinpin.

Nígbà tí fèrè dún, Àgbọ̀nrín dúró ti Àǹtí lẹ́yìn okùn, ó fi àpò oògùn kọ́ ọrùn, ó ká síkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ mọ́ apá, ó ń pariwo "Mọ́mì, ẹ má bojú wẹ̀yìn!" sí aránṣọ tó ń gbé kíndìnrín ọmọ rẹ̀ sáré lọ.